Mo dákẹ́ kí n lè gbọ́ wọn, wọ́n ní mò ń gbéra ga

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá wa. Obìnrin ọmọ ọdún 31 ni mí, ilé iṣẹ́ kan tó ń ra kaṣú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti Kábà títí dé Ìsánlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń sá a, a máa ń ṣà á, a ó wá dì í sápò fáwọn tó ń kó o lọ sí Èkó. Lọ́dún yìí ni wọ́n fi mí ṣe mánéjà. Èèyàn 14 ló wà lábẹ́ mi, ọ̀pọ̀ wọn ló jù mí lọ dáadáa, bàbá tó ń bójú tó ibi tá a ti ń sá kaṣú ti lé lẹ́ni 60 ọdún. Mánéjà tó wà níbẹ̀ kí n tó dé kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀, òun nìkan ló máa ń sọ gbogbo ẹ̀. Mo wá kà á pé olórí tó mọṣẹ́ máa ń dákẹ́ gbọ́ àwọn èèyàn ẹ̀, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ ní mítìn àárọ̀ Mọ́ńdè. Màá béèrè pé “kí lẹ rí sí i?”, màá wá dákẹ́. Àwọn náà á dákẹ́. Akọ̀wé wa wá sọ fún mi pé wọ́n ní mò ń gbéra ga, pé àwọn míì ní torí pé mi ò mọ iṣẹ́ ni mi ò ṣe sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wa ní Lọ́kọ́ja náà pè mí pé òun gbọ́ pé mo ti dákẹ́ jù. Ṣé kí n kúkú padà sí ariwo bíi ti ẹni àná ni?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, àbúrò mi. Mo máa pè ẹ́ ní àbúrò torí ọjọ́ orí tó o kọ síbẹ̀, má bínú. Má padà sí ariwo o. Àmọ́ dídákẹ́ tó ò ń dákẹ́ yẹn, ohun tó o ní lọ́kàn kọ́ ni wọ́n ń rí nínú ẹ̀.

Ìdákẹ́ ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ ẹ̀ àti ìdákẹ́ ẹni tí ò ní, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tí ọmọ tó ń ṣa kaṣú bá dákẹ́, ta ló máa bi í pé kí ló dé? Ṣùgbọ́n ìwọ tó o lè kọ kúẹ́rì, tó o lè gé owó oṣù, tó o bá dákẹ́ wẹ́lo báyìí, gbogbo ojú á yí sí ẹ, oníkálukú á máa fi ohun tó wà lọ́kàn tiẹ̀ kún ohun tó ò sọ. Èyí tó pẹ́ dé lọ́jọ́ Fúráídè á rò pé òun lò ń wò, èyí tó mọ̀ pé àpò kan dín lórí ìwọ̀n á ti máa làágùn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí sì rèé, tí àgbà tàbí ọ̀gá bá ti dákẹ́ láàárín èèyàn, ohun tá a kọ́kọ́ máa ń rò ni pé inú ń bí i, tàbí pé ó ti gbọ́ nǹkan nípa wa tó ń dúró ká fẹnu ara wa sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa jókòó kó ní “áà, mádáàmù ń fetí sílẹ̀ ni o”. Ẹni àná tó o gbapò ẹ̀, tó bá dákẹ́ láyé ẹ̀, ó dájú pé èèyàn kan máa sunkún lọ́jọ́ yẹn ni. Ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn.

Torí náà sọ ọ́ fún wọn. Kò sóhun tó pa á láṣẹ pé kéèyàn máa dákẹ́ kó má sọ ìdí tóun fi dákẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, kó o tó béèrè ohunkóhun, sọ pé: “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin màmá mi, ẹ̀yin lẹ bá iṣẹ́ yìí tipẹ́. Tí mo bá béèrè nǹkan tí mo dákẹ́, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí o, mo fẹ́ kẹ́ ẹ ráyè rò ó ni, mi ò ní sọ tèmi títí ẹ máa fi sọ tiyín.” Ó tán. Ọ̀rọ̀ yẹn á ṣe ju dídákẹ́ oṣù kan lọ.

Kí n sì tó gbàgbé, ìkíni. O ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà ẹ, àmọ́ mo fẹ́ bi ẹ́, báwo lo ṣe ń wọlé láàárọ̀? Àwa tí wọ́n ń fi ìkíni pè ní Ọ̀kún, kéèyàn wọlé kó má kí bàbá ẹni 60 ọdún dáadáa, kó wá lọ jókòó ní mítìn kó dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ fáwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá pé tó o bá ń kúnlẹ̀ kí òṣìṣẹ́ ẹ wọn ò ní bẹ̀rù ẹ mọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìyẹn ká gbà wọ́n síṣẹ́, ká gbọ́ ẹjọ́ wọn, ká là wọ́n tí wọ́n bá ń jà, mi ò sì rí ìkúnlẹ̀ tó ba àṣẹ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ohun tó máa ń ba àṣẹ jẹ́ ni ká sọ pé a máa ṣe nǹkan ká má ṣe é. Yí ibi tí wọ́n ti ń sá kaṣú ká láàárọ̀, kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, béèrè ilé, béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun màmá ẹ̀ka ìṣà. Tó o bá ti ṣèyẹn, nígbà tó o bá dákẹ́ ní mítìn wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe odì lò ń yàn.

Ó yá, ká wá sọ ti ìdákẹ́ gan-an. Mo ní ìfura pé tìẹ ti ń gùn jù. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Mary Budd Rowe, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ló ń ṣèwádìí lé lórí, ó máa ń gba ohùn àwọn tíṣà sílẹ̀ nínú kíláàsì. Ohun tó rí, tó sì tẹ̀ jáde lọ́dún 1974, ni pé tíṣà bá ti béèrè ìbéèrè, kì í ju bíi sẹ́kọ́ǹdì kan lọ tó fi máa tún un béèrè, tàbí kó pe ọmọ míì, tàbí kó fẹnu ara ẹ̀ dáhùn. Tí wọ́n bá wá lè dúró tó sẹ́kọ́ǹdì 3, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, àwọn tí kì í la ẹnu tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, “mi ò mọ̀” á sì dín kù. Sẹ́kọ́ǹdì 3 péré o! Ìdí tó fi dà bíi pé ó pẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu wa kì í ní àlàfo. Lọ́dún 2009 àwọn onímọ̀ èdè kan kó èdè 10 jọ láti oríṣiríṣi ibi lágbàáyé, wọ́n wọn àlàfo tó máa ń wà láàárín kí ẹnì kan dákẹ́ àti kí ẹnì kejì dáhùn, wọ́n rí i pé tá a bá ṣírò ẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ǹdì kan. Fojú inú wò ó, ẹni tó ti mọ́ lára kí wọ́n dá a lóhùn kíákíá bẹ́ẹ̀ yẹn, tó o bá wá dákẹ́ fún ogún sẹ́kọ́ǹdì, ọkàn ẹ̀ á ti máa lù kì kì kì. Nítorí náà ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ẹ, o lè kà á dé márùn-ún fáwọn àgbàlagbà, tí kò bá tíì sẹ́ni tó dáhùn, ṣí ọ̀nà míì fún wọn, má kàn máa wò wọ́n.

Ibi kejì tí Rowe sọ pé kéèyàn ti dúró ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò mọ̀, òun lèmi sì fẹ́ràn jù. Kì í ṣe lẹ́yìn ìbéèrè ẹ nìkan o, lẹ́yìn ìdáhùn wọn náà ni. Ẹni náà ti sọ̀rọ̀ tán, ó ti dákẹ́, má tíì sọ nǹkan kan. Dúró díẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa ní “kó dẹ̀ wá jẹ́ pé...” Èyí tó máa tẹ̀ lé “kó dẹ̀ wá jẹ́ pé” yẹn gan-an ló mú kó sọ̀rọ̀ látàárọ̀.

Ìbéèrè ẹ náà ò dáa, jẹ́ n sọ òótọ́ fún ẹ. “Kí lẹ rí sí i?” ti fẹ̀ jù. Èèyàn á máa rò ó pé rí sí kí ni, sí owó ni àbí sí ìwọ gan-an. Béèrè nǹkan tẹ́ni náà mọ̀ ju ìwọ lọ: “Bàbá, kaṣú tó ti Ẹ̀gbẹ̀ wọlé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, báwo lẹ ṣe rí gbígbẹ ẹ̀?” Bàbá á ti máa dáhùn kó o tó parí ẹ̀, torí o fi ìbéèrè yẹn bu ọlá fún un níwájú gbogbo èèyàn. Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé àwọn tó ń rà á kì í fẹ́ kí ọ̀rinrin inú ẹ̀ kọjá nǹkan bí 10 nínú 100, pé wọ́n á la díẹ̀ wò, wọ́n á ṣírò iye pọ́n-ùn ọmọ inú ẹ̀ tó dáa tí wọ́n lè rí nínú àpò kílò 80, èyí tó bá ti bu, owó ẹ̀ ti lọ. Bàbá yẹn lè tọwọ́ bọ àpò kó sọ fún ẹ kó o tó mú ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin jáde. Tí kò bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà á sọ ọ́, àmọ́ ó lè jẹ́ Èkó ló ti máa sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ojú. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa fífetí sílẹ̀ ló máa ń sọ pé kó o wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ má gbójú kúrò. Ọmọ ọdún 31 tó tẹjú mọ́ bàbá ẹni 60 lójú nílẹ̀ Yàgbà, ṣé wàá dárúkọ ohun tí wọ́n máa pè é fún mi? Gbé ìwé lé itan, máa kọ kókó ohun tí wọ́n bá sọ, gbójú sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, máa ní “hẹn-ẹn”, “ẹ máa bá a lọ sà”. Àgbà tó bá rí i pé ò ń kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ á mọ̀ pé o kà á sí. Fóònù ní tiẹ̀, dojú ẹ̀ bolẹ̀ tàbí kó o fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì.

O lè ní ta ló láyè fún gbogbo eléyìí lásìkò kaṣú tí mọ́tò ń tò síta. Àwọn dókítà náà rò bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1984 àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Beckman àti Frankel, fi hàn pé aláìsàn bá ti ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é, tá a bá ṣírò ẹ̀ pọ̀, sẹ́kọ́ǹdì 18 ni dókítà ti máa ń já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn ni pé tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ilẹ̀ á ṣú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò ní Switzerland, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2002, tí wọ́n ní káwọn dókítà má ṣe dá aláìsàn lẹ́nu, nínú aláìsàn 335, sẹ́kọ́ǹdì 92 ni wọ́n ń lò tá a bá ṣírò ẹ̀ pọ̀, bí ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló sì parí láàárín ìṣẹ́jú 2. Lóòótọ́, àwọn yẹn ò mọ àwọn bàbá tiwa o. Bàbá tiwa á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ látìgbà tá a ṣì wà ní Kwara, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ lọ́dún 1991, á wá sọ iye tí àpò kaṣú jẹ́ nígbà yẹn, á pa òwe méjì, kó tó wá sọ pé tapólì tó wà lápá ọ̀tún ti ya. Má dá a lẹ́nu ṣá. Àwọn àgbà kì í fẹ́ fi ọ̀rọ̀ lu ọmọ kékeré tó jẹ́ ọ̀gá wọn mọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn wọlé, tó o bá gé ìtàn yẹn kúrú, tapólì yẹn ò ní jáde.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Ẹni tó bá wà lábẹ́ èèyàn kì í sọ̀rọ̀ ní tààrà, ní ilẹ̀ kílẹ̀ tó bá wà. Ìtàn kan wà tí wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú títí dòní. Lọ́jọ́ 27 oṣù March, 1977, ní erékùṣù Tenerife tó jẹ́ ti Sípéènì, kùrukùru bo pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀, báálù ńlá méjì, ti KLM, ilé iṣẹ́ báálù ilẹ̀ Netherlands, àti ti Pan Am, ilé iṣẹ́ báálù Amẹ́ríkà, sì wà lójú ọ̀nà kan náà. Kápútẹ́ẹ̀nì KLM yẹn, àgbà ọ̀jẹ̀ ni, ó wà lára àwọn tó ń kọ́ awakọ̀ nílé iṣẹ́ ẹ̀. Ó ti ń sáré láti gbéra nígbà tí wọn ò tíì fún un láyè. Ẹnjiníà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti gbọ́ ohun kan lórí rédíò tó kọ ọ́ lóminú, ló bá béèrè pé ṣé Pan Am yẹn ò tíì kúrò lọ́nà ni? Kápútẹ́ẹ̀nì dá a lóhùn gbọnmọgbọnmọ pé ó ti kúrò. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Báálù méjèèjì kọlu ara wọn, èèyàn 583 ló kú.

Mi ò sọ ìtàn yẹn láti dẹ́rù bà ẹ́, kaṣú ò lè pa èèyàn 583. Mo fẹ́ kó o wo bí ẹnjiníà yẹn ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ni. Kò pariwo pé dúró. Ó béèrè ni, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń béèrè. Ọ̀gá gbọ́ ìbéèrè, ó sì dáhùn ìbéèrè, kò gbọ́ ẹ̀rù tó wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ń fi báálù ṣiṣẹ́ kọ́gbọ́n níbẹ̀ ṣá, NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, pe ìpàdé lórí ẹ̀ lọ́dún 1979, nígbà tó fi máa di 1981 ilé iṣẹ́ báálù United Airlines ti ń kọ́ àwọn kápútẹ́ẹ̀nì wọn bí wọ́n ṣe máa gbọ́rọ̀ sí ẹni tó wà lábẹ́ wọn lẹ́nu àti bí ẹni tó wà lábẹ́ ṣe máa sọ ọ́ kó yéni.

Tiwa tún wá le ju ti ẹnjiníà yẹn lọ, torí àwa ò tiẹ̀ ní béèrè, a máa ń gbé e gba ibi ẹ̀yìn patapata. Tí bàbá bá sọ fún ẹ pé “ẹ̀yin lẹ mọ̀ o, mádáàmù”, kò gbà fún ẹ o. Ohun tó ń sọ ni pé ohun tó o fẹ́ ṣe yẹn máa bàjẹ́, òun ò dẹ̀ fẹ́ kó wà lórí òun. “Ṣebí ẹ ti wò ó dáadáa” túmọ̀ sí pé o ò wò ó dáadáa. “Bẹ́ ẹ bá ṣe ní ká ṣe é náà la máa ṣe é”, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. “Kò burú”, tí wọ́n bá fà á, tí wọ́n wá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó burú. Tí ọmọ kékeré tó ń ṣà bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sóhun tó pani lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn ẹ̀ tó fẹ́ sọ. Àti èyí tó máa ń ba èmi lẹ́rù jù, ẹni tó máa ń bá ẹ jiyàn tẹ́lẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé “ó dáa mà” sí gbogbo ẹ̀. Ẹni yẹn ti ń wá iṣẹ́ síbòmíì.

Ọ̀gá tó ń fetí sílẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí ló ń gbọ́. Tó o bá gbọ́ “ẹ̀yin lẹ mọ̀”, dá ohun tó ò ń ṣe dúró, kó o ní: “Bàbá, ó jọ pé ọkàn yín ò balẹ̀ sí i. Ẹ bá mi sọ ọ́, mi ò ní bínú.” Wàá wá dákẹ́, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta yẹn. Ó lè kọ́kọ́ ní “rárá o, kò sí”. Dákẹ́ sí i. Tí kò bá ṣì fẹ́ sọ ọ́ níwájú èèyàn, fi í sílẹ̀, lọ bá a níbi tó ti ń sá kaṣú lẹ́yìn mítìn, kẹ́ ẹ jọ máa yí i káàkiri. Ìgbà tí ọwọ́ èèyàn bá ń ṣiṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, ẹnu ẹ̀ máa ń rọ̀. Lójú tèmi o, ìdajì ohun tó o fẹ́ gbọ́ ò lè jáde ní mítìn Mọ́ńdè láéláé, má jẹ́ kó dùn ẹ́. Mítìn wà fún kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò.

Ó wá ku akọ̀wé. Àbúrò mi, gbogbo ohun tó o mọ̀ nípa ohun táwọn èèyàn ẹ ń rò, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo lo ti gbọ́ ọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, o kúkú mọ̀ ọ́n. Mi ò ní irọ́ ló pa. Ó lè jẹ́ ẹni méjì ló sọ ọ́ tó fi di “wọ́n”, ó lè jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló rò ó tó wá gbé e sí wọn lẹ́nu. Ohun tó dá mi lójú ni pé olórí tó bá dákẹ́ láàárín èèyàn tó wá ń gbọ́ ti ẹnì kan nínú yàrá, ẹni yẹn ló ń ṣe mánéjà. Àwọn tó kù á mọ̀, wọ́n máa ń mọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á ti máa gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá rí ẹ. Tó bá tún mú “wọ́n ní” wá, dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé “ta ni, kí ó wá sọ ọ́ fún mi, mi ò ní jẹ ẹ́”. Ta ló tiẹ̀ lọ sọ fún ọ̀gá ní Lọ́kọ́ja? Mi ò mẹ́nu ba nǹkan kan o.

Tí wọ́n bá ti wá sọ̀rọ̀, ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́, sọ ohun tó o gbọ́ padà fún ẹni náà kó tó lọ: “Ohun tó yé mi ni pé tapólì tó ya ló jẹ́ kí òjò rin kaṣú ìsàlẹ̀, àbí?” Carl Rogers àti Richard Farson, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti kọ nípa irú ìgbọ́rọ̀ báyìí láti 1957, kì í ṣe nǹkan tuntun, ó kàn ń ti ọ̀pọ̀ ọ̀gá lójú láti tún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sọ ni. Ìkejì, ṣe nǹkan kan nípa ẹ̀, kó sì yá. Ra tapólì yẹn. Tí owó ò bá sí, padà wá sọ fún bàbá pé o ti béèrè, wọ́n ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó o gbà gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí ìdáhùn, ó máa ń nira kó tó tún sọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Má sì fòyà tó bá jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ̀sùn ló kún ẹnu wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Amy Edmondson ní Amẹ́ríkà ṣèwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù, ó rò pé àwọn ikọ̀ tó dáa jù ló máa ní àṣìṣe oògùn tó kéré jù, ó wá rí i pé àwọn gan-an ni àṣìṣe pọ̀ jù nínú ìwé wọn. Ìdí ẹ̀ ni pé ẹ̀rù ò bà wọ́n láti sọ tiwọn. Ibi tó dà bíi pé kò sí ìṣòro kankan, àwọn èèyàn ibẹ̀ lè kàn ń fi í pa mọ́ ni.

Ìdákẹ́ náà níbi tí kò ti dáa o. Tó o bá rí ọmọkùnrin tó gun àpò tí wọ́n tò gíga láìtọ́, pariwo! Má ka ení èjì níbẹ̀. Tí ẹnì kan bá bú ẹlòmíì níwájú ẹ, pàápàá tí àgbà bá ń fojú ọmọ kékeré gbolẹ̀, tàbí tí ọkùnrin kan bá ń sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sáwọn ọmọbìnrin tó ń ṣà, tó o bá dákẹ́, o ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Bákan náà lọ̀rọ̀ owó oṣù. Tó bá pẹ́, tí wọ́n ń béèrè, má dákẹ́ kó o ní ò ń fetí sílẹ̀, sọ ohun tó o mọ̀ àti ọjọ́ tó o máa tún sọ fún wọn.

WhatsApp tún wà níbẹ̀. Tí bàbá bá fi ọ̀rọ̀ ohùn ránṣẹ́ ní gúrúùpù, tó rí i pé o ti gbọ́ ọ, tí o ò dáhùn títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyẹn kọ́ ni ìdákẹ́ tá à ń sọ. Fèsì pé “mo ti gbọ́ sà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lọ́la”.

Ní ti ọ̀gá ẹ ní Lọ́kọ́ja, òun náà ń ka ìdákẹ́ ẹ bí àwọn tó kù ṣe ń kà á ni, torí o ò sọ fún un. Pè é lọ́sẹ̀ yìí, má jẹ́ kó tún pè ẹ́. Sọ ohun tó ò ń ṣe fún un ní gbólóhùn méjì, kó o wá fi nǹkan tó ṣeé kà tì í: láti ìsinsìnyí títí àsìkò kaṣú á fi parí, máa kọ iye àpò tí wọ́n dá padà nítorí ọ̀rinrin lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kọ iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ kan fúnra ẹ̀ wá sọ fún ẹ pé nǹkan kan fẹ́ bàjẹ́ kó tó bàjẹ́, kó o máa fi ránṣẹ́ sí i ní ìparí oṣù. Ọ̀gá tó wà ní Lọ́kọ́ja ò lè gbọ́ ohun tí bàbá ń sọ níbi tí wọ́n ti ń sá kaṣú, àmọ́ á lóye àpò tí wọn ò dá padà. Tó bá sì ní kó o ṣáà máa pariwo mọ́ wọn, béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé àpò mélòó ni wọ́n dá padà lọ́dún tó kọjá nígbà tí ariwo wà, kó o wá dákẹ́ kí òun náà wá ohun tó máa sọ.